Ìwé Ilé

Ní Ìlaròó àti Ayétòrò, bí ó ti rí ní ìlú púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kọ́lé láìní ju ìwé ẹ̀rí ìsanwó ilẹ̀ lọ. Bí ọwọ́ bá sì rọ̀ wọ́n, wọn a fi yàrá kún un láìfi àwòrán rẹ̀ han ìjọba. Ọjọ́ tí onílé bá fẹ́ fi ilé dógò láti yá owó ní báńkì ni ọ̀rọ̀ á di ìṣòro, nítorí báńkì yóò béèrè ìwé.

Báńkì kò ṣe ìkà. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 kò gbà kí a fi ilẹ̀ ìgboro dógò láìgba ìyọ̀ǹda Gómìnà. Ní ọdún 1989, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé òfo ni ìdógò kan tí Savannah Bank gbà láìsí ìyọ̀ǹda yìí. Báńkì náà kò sì lè ta ilé náà.

Nígbà ìjọba Ibikunle Amosun, láàárín ọdún 2011 sí 2019, Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún irú onílé bẹ́ẹ̀ láti gba ìwé ilẹ̀ àti ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́lé tán. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde: kí ènìyàn tó to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí ó ti gba ìwé.