Alárinà Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tí Ó Pààrọ̀ Iṣẹ́ ní Ìdajì Ọjọ́ Ayé Rẹ̀



Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ti ń súnmọ́ ogójì ọdún, tàbí tí wọ́n ti kọjá rẹ̀, tí iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ní èwe kò mú inú wọn dùn mọ́, tàbí tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa wí nínú ọkàn rẹ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, pé ọmọdé nìkan ni ó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí fẹ́ fi hàn pé iṣẹ́ kan wà tí ọjọ́ orí kò jẹ́ ìdènà nínú rẹ̀, bí kò ṣe irinṣẹ́. Iṣẹ́ náà ni ti ẹni tí ń bá agbanisíṣẹ́ wá òṣìṣẹ́, tí ó sì ń bá òṣìṣẹ́ wá ibi tí ó yẹ ẹ́. Alárinà iṣẹ́ ni a ó máa pè é, nítorí pé ohun tí alárinà ń ṣe láàárín ọkọ àti aya ni òun náà ń ṣe láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́.

Àpẹẹrẹ kan

Ní ìlú Milwaukee, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn amòfin méjì kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ Elmer Winter àti Aaron Scheinfeld. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń ròyìn rẹ̀, wọ́n ní ìwé ẹjọ́ kan tí ó gbọ́dọ̀ dé ilé ẹjọ́ ní ọjọ́ tí a dá, ṣùgbọ́n wọn kò rí akọ̀wé tí yóò fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Obìnrin kan tí ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí ni ó gbà láti wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé: àwọn oníṣòwò mélòó ni ó wà nínú irú ìṣòro yìí? Àwọn ènìyàn mélòó ni ó sì jókòó sí ilé pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, tí ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n?

Ní ọdún 1948 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Manpower sílẹ̀, láti máa bá àwọn oníṣòwò wá òṣìṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Winter, tí a bí ní ọdún 1912, ti pé ọmọ ọdún 36; Scheinfeld sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún un. Winter darí ilé-iṣẹ́ náà títí di ọdún 1976, ó sì kú ní ọdún 2009 ní ẹni ọdún 97. Iṣẹ́ kejì tí ó gbà yìí gba ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ju ti èkíní lọ.

Ẹ ṣe àkíyèsí pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò da ìmọ̀ wọn àtijọ́ nù. Amòfin ti kọ́ láti fetí sí ọ̀rọ̀ ẹni méjì kí ó tó sọ̀rọ̀, láti yẹ ẹ̀rí wò, àti láti pa àṣírí mọ́. Ohun mẹ́ta yìí gan-an ni alárinà iṣẹ́ ń lò. Bákan náà ni olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tí ó bá yípadà sí iṣẹ́ yìí kì í wá ní ọwọ́ òfo. Àwọn àgbà wí pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i.

Bí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà

Èkíní, kí alárinà mọ iṣẹ́ náà dájú. Kí ó bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ohun tí òṣìṣẹ́ yóò máa ṣe láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, iye owó oṣù rẹ̀, àti ìdí tí ẹni ìṣáájú fi kúrò níbẹ̀.

Èkejì, kí ó fi òdodo yẹ ènìyàn wò. Ní ọdún 1998, Frank Schmidt àti John Hunter kó èsì ìwádìí ọdún 85 jọ lórí bí a ti lè mọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ dáradára. Wọ́n rí i pé bí a bá fún ènìyàn ní díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ṣe, tàbí tí a bi gbogbo àwọn tí ń wáṣẹ́ ní ìbéèrè kan náà tí a ti tò sílẹ̀, a ó mọ̀ wọ́n ju ìgbà tí a kàn bá wọn sọ̀rọ̀ bí ó ti wù wá lọ. Wọ́n sì rí i pé ọjọ́ orí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohunkóhun nípa bí ènìyàn yóò ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹni tí ó rò pé òun ti dàgbà jù gbọ́ èyí. Kí alárinà tí ń fi ọjọ́ orí lé ènìyàn sẹ́yìn sì gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe ta ènìyàn. Àwọn kan wà tí ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń wáṣẹ́, tí wọ́n sì ń sá lọ. Ní ọdún 1997, Àjọ tí ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ ní gbogbo àgbáyé ṣe Ìwé Àdéhùn 181 ní Geneva. Ó kọ̀ fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, àyàfi ní ìwọ̀nba ibi tí ìjọba bá yọ̀ǹda. Ẹni tí ó nílò òṣìṣẹ́ ni ó yẹ kí ó sanwó alárinà.

Ibi tí ayọ̀ rẹ̀ wà

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé iṣẹ́ yìí rọrùn. Nínú ènìyàn ogún tí ó wá, ẹnì kan ni a óò mú. Àwọn mọ́kàndínlógún ni a óò dá padà. Ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rí, tí a kò dá a lóhùn, ni ó mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn mọ́kàndínlógún náà, kí ó sọ òtítọ́ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Níhìn-ín ni ìrora tí ó ti kọjá ti di ohun èlò.

Bí owó iṣẹ́ bá ti wọlé, a ti san án tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá kan bá tún san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, tàbí tí obìnrin tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́ ọmọ bá tún padà sí ọ́fíìsì, èrè mìíràn nìyẹn. A kì í sábà dárúkọ alárinà níbẹ̀. Bí ìyàwó bá ti mọ ojú ọkọ, alárinà a yẹ̀bá. Ẹni tí ó bá lè yẹ̀bá bẹ́ẹ̀, tí inú rẹ̀ sì dùn, ti rí ìtẹ́lọ́rùn nínú iṣẹ́ yìí.

Ìbéèrè fún àṣàrò

1. Kí ni mo ti kọ́ nínú iṣẹ́ mi àtijọ́ tí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn?
2. Ta ni mo mọ̀ tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè?
3. Ǹjẹ́ mo ti dá ẹnì kan tí ó béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lóhùn, àbí mo fi í sílẹ̀ kí ó máa retí?