Ta Ló Ga Jù Nínú Àwọn Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò Wa?

ÌBÉÈRÈ: Mẹkáníìkì ni mí ní Ìdí-Òrò, Múṣin. Láràárọ̀, ká tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, a máa ń dúró níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn, ibẹ̀ la sì ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn kan tí kò tíì tán dòní. Ọ̀gá mi ní kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan tó tó Anthony Joshua nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, pé bí wọ́n bá kó Hogan Bassey àti Dick Tiger síwájú rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa fi gbé wọn ṣubú. Bàbá télọ̀ kan ládùúgbò wa ní Dick Tiger lọ̀gá gbogbo wọn. Ẹnì kan tún ní ká má gbàgbé Azumah Nelson, ará Gánà. Ohun tó ń rú mi lójú ni pé ìwọ̀n wọn ò dọ́gba. Báwo lèèyàn ṣe ń to irú wọn tẹ̀léra? Àbúrò mi ọkùnrin wà lára àwọn tó ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ ní Rowe Park ní Yábàá. Kílò 57 péré ni, ó sì ti ń sọ pé àwọn kékeré bíi tòun kì í lórúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.

ÌDÁHÙN: Ohun tó ń rú ọ lójú yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Jẹ́ kí n mú ti ọ̀gá rẹ ṣáájú. Lálẹ́ ọjọ́ tí Joshua na Wladimir Klitschko ní pápá Wembley, ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2017, ó tó kílò 113. Bassey gba oyè tirẹ̀ ní ìpele tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi bẹ́ẹ̀ ju kílò 57 lọ. Bassey méjì ni wọ́n máa kó sórí òṣùwọ̀n kó tó bá Joshua dọ́gba. Kò sí rẹfirí tó máa gbà kí wọ́n ja irú ìjà bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá sì jà á, ìyìn wo ló wà níbẹ̀ fún ẹni tó borí? Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín ìjà ẹ̀ṣẹ́ sí ìpele-ìpele, láti orí àwọn tí kò ju kílò 48 lọ títí dé orí àwọn heavyweight tó ju kílò 90 lọ.

Ìwọ̀n nìkan kọ́ ló sì ń jà. Rán ọ̀gá rẹ létí Oleksandr Usyk, ọmọ Ukraine. Ìpele tó wà nísàlẹ̀ ti Joshua ló ti gòkè wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2021, Joshua fi nǹkan bíi kílò mẹ́jọ jù ú lọ. Usyk gba gbogbo bẹ́líìtì ọwọ́ rẹ̀, ó sì tún nà án lọ́dún tó tẹ̀ lé e ní Saudi Arabia.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń béèrè pé: bí a bá yọ ti ìwọ̀n kúrò, ta ni ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ jù? Pound for pound ni wọ́n ń pè é. Ìgbà ayé Sugar Ray Robinson ló gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà. Robinson kì í ṣe heavyweight, bẹ́ẹ̀ àwọn heavyweight ló ń gba ariwo àti owó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo bó ṣe ń jà tí kò mọ̀ pé òun ni ọba gbogbo wọn.

Bí èmi ṣe ń to wọn ni pé mo máa ń wo ẹni tí wọ́n nà. Má jẹ́ kí iye bẹ́líìtì tàn ọ́. Lóde òní, àjọ mẹ́rin ló ń fi oyè àgbáyé jẹ èèyàn ní ìpele kan náà, ìpele sì ti di bíi mẹ́tàdínlógún. Nígbà ayé Bassey, ìpele mẹ́jọ péré ló wà, ọba kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má sì jẹ́ kí “kò pàdánù rí” tàn ọ́, torí ẹni tó bá ń ṣa ẹni tó máa bá jà lè pẹ́ gan-an kó tó rí ẹni tó máa nà án. Wo ẹni tó nà, wo ọjọ́ orí ẹni náà lọ́jọ́ tí wọ́n jà, kí o sì wo ìlú ẹni tí ìjà ti wáyé.

Bí a bá fi èyí wò ó, bàbá télọ̀ ló jàre. Dick Tiger ló ṣáájú.

Richard Ihetu lorúkọ rẹ̀, ọmọ Amaigbo nílẹ̀ Ìgbò. Nígbà tó dé Liverpool lọ́dún 1955, ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà níbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pàdánù. Ẹlòmíràn ì bá ti di ẹrù rẹ̀ padà sí Aba. Èèyàn kúkurú tó ki pọ́pọ́ ni, kì í ta pọ́ún-pọ́ún kiri inú ríìngì. Ńṣe ló máa ń tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, á máa rìn lọ bá ẹ díẹ̀díẹ̀, á jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ́ tìrẹ ba orí àti èjìká òun, títí tó máa fi sún mọ́ ẹ débi tí ọwọ́ rẹ ò ti lè nà mọ́. Ibẹ̀ ni ọwọ́ òsì rẹ̀ á ti yí wá láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan sí ìhà, ọ̀kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọwọ́ òsì yẹn ló gbé lọ bá Gene Fullmer ní San Francisco ní oṣù kẹwàá ọdún 1962. Fullmer kì í ṣe ẹran rírọ̀, òun náà ti na Robinson rí. Tiger gba oyè middleweight lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún pàdé ní Las Vegas, wọ́n ta ọ̀mì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n gbé wá sí Liberty Stadium n'Íbàdàn, ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí òmìnira wa ò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa ja ìjà oyè àgbáyé nílẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú. Lẹ́yìn abala keje, àwọn èèyàn Fullmer ò jẹ́ kó dìde lórí àga mọ́, láti ọjọ́ náà kò sì kan ẹ̀ṣẹ́ mọ́ láyé rẹ̀.

Ohun tó wá gbé Tiger sókè ju gbogbo wọn lọ lójú mi ṣẹlẹ̀ ní 1966. Emile Griffith ti gba oyè middleweight lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹrin, gbogbo ayé ní ó ti darúgbó. Kí ọdún tó parí, ó gòkè lọ sí light heavyweight, níbi tí òṣùwọ̀n ti ń lọ sókè dé kílò 79, ó sì na José Torres ní Madison Square Garden, ó gba oyè ìpele náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni ọdún 37 ni nígbà náà. Robinson alára gbìyànjú òkè yẹn lọ́dún 1952. Ó ń borí Joey Maxim, àmọ́ ooru ọjọ́ náà ní New York gbá a mú, kò lè dìde fún abala kẹrìnlá. Mi ò sọ pé Tiger ju Robinson lọ, bí òkè náà ṣe ga tó ni mo fẹ́ kí o mọ̀. Bob Foster ló wá gba oyè náà lọ́wọ́ Tiger ní 1968, ìyẹn sì ni ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n ka ení, èjì lé Tiger lórí títí ó fi tán. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún na Nino Benvenuti tó wà lórí oyè middleweight lọ́wọ́lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oyè ò sí nínú ìjà náà. Ní oṣù kejìlá 1971, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pa á ní Aba.

Bí ẹ bá ka Gánà mọ́ wa, Azumah Nelson ló tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1982, wọ́n ké sí i láìròtẹ́lẹ̀ kó wá bá Salvador Sánchez jà, ọmọ Mẹ́síkò tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Kò sẹ́ni tó mọ Azumah ní Amẹ́ríkà. Abala kẹẹ̀ẹ́dógún ni Sánchez tó rí i mú. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó lọ bá Wilfredo Gómez nílé rẹ̀ ní Puerto Rico, ó sì gba oyè featherweight níbẹ̀. Ní 1992, ó wọ Ọsirélíà, ó na Jeff Fenech lójú àwọn ará ilé rẹ̀. Ìlú onílùú ni púpọ̀ nínú èyí ti ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e ga tó bẹ́ẹ̀.

Bassey ni ẹ̀kẹta. Ọmọ Calabar ni, Èkó níbí ló sì ti gbọ́n nídìí ẹ̀ṣẹ́ kó tó lọ sí Liverpool. Ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 1957 ló na Cherif Hamia ní Paris, tó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jọba àgbáyé. Ó na Willie Pep náà, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ẹ̀ṣẹ́ jù láyé, àmọ́ Pep ti pé ọdún 36 lọ́jọ́ náà, mo sì gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ kúrò nínú ìyẹn. Davey Moore ló gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1959.

Joshua ṣe ẹ̀kẹrin, kí ọ̀gá rẹ má bínú. Ọmọ tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ṣàgámù fún gbogbo wa láyọ̀ púpọ̀. Klitschko gbé e ṣubú ní abala kẹfà lójú èèyàn bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún, ó dìde, ó sì parí iṣẹ́ ní abala kọkànlá. Ọkàn akin nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 41 ni Klitschko nígbà náà, Andy Ruiz tí wọ́n fi dí àlàfo sì na Joshua ní 2019 kó tó gba oyè rẹ̀ padà. Nínú àwọn ọmọ wa yòókù, Samuel Peter jọba heavyweight lábẹ́ àjọ WBC ní 2008, kò pẹ́ níbẹ̀. Obisia Nwankpa bá Saoul Mamby jà fún oyè àgbáyé ní Èkó níbí ní 1981, máàkì ni wọ́n fi gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ máa jáde nínú àríyànjiyàn yín.

Ó wá ku ti àbúrò rẹ. Sọ fún un pé kílò 57 tó ń kẹ́gàn yẹn, òun ni Bassey fi jọba ní Paris, òun náà ni Azumah fi na Gómez. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí ẹnì kan máa tì í pé kó tún sọ̀ kalẹ̀ sí ìpele kékeré sí i. Mo ti rí àwọn ọmọ tó wọ aṣọ òjò sáré nínú oòrùn ọ̀sán, tí wọ́n ń tutọ́ sínú ike torí kí òṣùwọ̀n lè gbà wọ́n, tí wọ́n sì wọ ríìngì lọ́jọ́ kejì láìlókun nínú. Kó jẹun, kó mumi, kó sì jà ní ìwọ̀n tí ara rẹ̀ bá gbà. Lọ́jọ́ tó bá máa kọ́kọ́ jà, kí ìwọ, ọ̀gá rẹ àti bàbá télọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wọkọ̀ lọ sí Yábàá, kí ẹ sì fi ohùn gbè é lẹ́yìn.