Kí Ẹ Tó Sanwó Lẹ́sìnnì JAMB

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ìdánwò JAMB bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ òbí ní Ìwó ló máa ń gbàgbé òwe yìí. Wọ́n á ní ọmọ tí kò bá lọ sí lẹ́sìnnì kò lè yege, wọ́n á sì kó owó àjọ lé olùkọ́ lọ́wọ́. N ò bá lẹ́sìnnì jà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí á mọ àìsàn kí á tó ra oògùn.

Ìdánwò náà kò fara pamọ́. Iṣẹ́ mẹ́rin ni, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan: ìbéèrè 60 ní Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí 2 péré. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ń wá Yunifásítì Bowen tó wà nílùú wa níbí, èyí tó ń wá UNIOSUN àti èyí tó ń wá Ifẹ̀, ìdánwò kan náà ni wọn yóò ṣe. Ọ̀fẹ́ ni síláábọ́ọ̀sì JAMB lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá sì wà lọ́jà.

Nítorí náà, kí ọmọ kọ́kọ́ dá jókòó fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ó ṣe ìbéèrè ọdún kan láàárín wákàtí 2, kí aago wà níwájú rẹ̀, kí fóònù wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó mú ìwé kékeré kan, kí ó kọ gbogbo èyí tó gbà sódì sínú rẹ̀, kí ó sì kọ ìdí rẹ̀ sí i: "n ò mọ̀ ọ́n", "mo ṣì í kà", "àkókò tán". Ìwé yìí ni yóò sọ bóyá kí á sanwó. Bí "n ò mọ̀ ọ́n" bá pọ̀ nínú físíìsì, tó kà á, tó tún un kà, tí kò yé e, ẹ wá olùkọ́ físíìsì fún un, kì í ṣe lẹ́sìnnì iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bó bá jẹ́ "mo ṣì í kà", sùúrù ló kù, olùkọ́ kò lè bá a ní in. Bó bá jẹ́ "àkókò tán", kí ó lọ jókòó ti kọ̀ǹpútà. Láti 2015 ni JAMB ti fi ìdánwò orí bébà sílẹ̀ pátápátá. Lórí kíbọ́ọ̀dù, A, B, C, D ni wọ́n fi ń mú ìdáhùn. Lẹ́tà N ń gbé ni síwájú, lẹ́tà P ń dá ni padà. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rí yóò máa wá lẹ́tà kiri nígbà tí aago ń lọ.

Àmọ́ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ariwo kò sì jẹ́ kó kàwé nílé, lẹ́sìnnì wúlò fún un. Ibi ìjókòó àti ẹgbẹ́ ló ń fowó rà. Bí owó kò bá sí, kí òun àti ọ̀rẹ́ méjì máa pàdé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ǹjẹ́ olùkọ́ ń máàkì iṣẹ́ wọn, àbí ó kàn ń ka ìwé sí wọn létí? Ẹni tó bá sì ní òun yóò bá yín rí ìdáhùn ṣáájú ọjọ́ ìdánwò, ẹ sá fún un; JAMB máa ń fagi lé èsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí owó lẹ́sìnnì jẹ owó fọ́ọ̀mù àti owó ọkọ̀, torí ìlú mìíràn ni wọ́n lè pín ọmọ yín sí.