Ẹ̀KỌ́ WA: MÁJÈLÉ TÓ WÀ NÍNÚ ÀLÒKÙ BÁTÌRÌ ÀTI WÁYÀ



Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ẹ̀kọ́ wa dá lórí àwọn ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́: rédíò, tẹlifísọ̀n, fóònù àti bátìrì. Àwa ọmọ Yorùbá tí a ń ṣòwò ní Òkè Ọya mọ àwọn tí Hausa ń pè ní 'yan bola-jari, tí wọ́n ń ra àlòkù láti ojúlé dé ojúlé. Hàláàlì ni òwò náà. Ohun tí a fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀ fún ara wa ni kí á máa sun wáyà nínú agboolé nítorí bàbà, àti kí á máa fọ́ bátìrì nítorí òjé.

Ní ọdún 2010, ní àwọn abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta nínú ilé wọn láti rí góòlù. Òjé wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bà sí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Àwọn ọmọdé tó kú kò dín ní 400. Òjé yìí kan náà ló wà nínú bátìrì mọ́tò, nínú ọ̀pọ̀ bátìrì sólà, àti nínú gíláàsì tẹlifísọ̀n àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ. Bí kò bá tilẹ̀ pa ọmọ, ó ń ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ni, kò sì sí oògùn tó lè dá èyí tó ti bàjẹ́ padà. Èéfín wáyà tí a sun náà ní oró.

Kí ni ẹ̀sìn wa wí? Nínú Suuratul Baqarah, aaya 195, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa fa ìparun. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ ni ara wa lára, a kò sì gbọdọ̀ ni ẹlòmíràn lára. Ó tún kọ́ wa pé mímú ohun ìpalára kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́. Bí ẹni tó mú ẹ̀gún kúrò lọ́nà bá gba láádá, kí ni ẹni tó da ásíìdì bátìrì sí ìdí kànga àdúgbò yóò gbà?

Nítorí náà:

1. Odindi ni kí á ta bátìrì, kí á má fọ́ ọ, kí á má da omi inú rẹ̀ nù.
2. Kí á má sun wáyà. Ọ̀bẹ ni kí á fi bó o.
3. Kí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fọwọ́, kí ó sì pààrọ̀ aṣọ, kó tó gbé ọmọ rẹ̀.
4. Kí á má rán ọmọ iléékéwú lọ ṣa àlòkù lórí ààtàn.

Amaana ni àwọn ọmọ lọ́wọ́ wa. Èrè tí a rí lórí bàbà kò lè san gbèsè wọn lọ́jọ́ ìṣirò. Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní ẹni tó gbọ́, tó sì lò ó. Aamiin.