Ṣé kí n dí adágún ẹja ẹ̀yìnkùlé?

Ìbéèrè: Olóògbé ọkọ mi mọ adágún ẹja onísìmẹ́ǹtì sẹ́yìn ilé wa ní Dọ̀pẹ̀mú. Àwọn ayálégbé ló kún ilé náà báyìí, àwọn kan sì ní ọmọ wẹ́wẹ́. Ṣé kí n dí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú ara fẹ́ra kù, màmá. Tèmi ni pé kí ẹ dí i. Lóòótọ́, ẹja a máa jẹ tanwíjí, ṣùgbọ́n bí ẹja bá tán tí kò sẹ́ni tó ń pààrọ̀ omi, ọ̀sẹ̀ méjì ti pọ̀ jù fún ẹyin ẹ̀fọn láti di ẹ̀fọn tó ń fò wọ yàrá. Àwọn ọmọ yẹn ló tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù. Ọmọ ọdún méjì lè kú sínú omi tí kò ju orúnkún àgbàlagbà lọ, ó sì lè má pariwo rárá.

Kí wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n fọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi mélòó kan kí wọ́n tó da iyanrìn sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi òjò á máa dúró nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá dí i torí pé ayálégbé kan fẹ́ sin àrọ̀ níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé òun ni yóò máa tọ́jú omi, kí irin oníhò tó ní àgádágodo sì ti wà lórí rẹ̀ kí ó tó ra ọmọ ẹja.