Ẹ̀kọ́: Ogun Etiópíà

Ẹ̀yin olùkọ́ ní Omifunfun, bí a bá ńkọ́ ọmọ ní Orin Dáfídì 68, kí a má ka Etiópíà sí orúkọ lásán. Li ọjọ́ 3 oṣù October, 1935, ogun Mussolini wọ ilẹ̀ náà. Àwọn ará Èkó péjọ, nwọ́n fi ẹ̀hónú hàn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti Ladipo Solanke, ké pẹ̀lú. Nígbà tí Hoare, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì, bá Laval ti Faransé pinnu láti gé ilẹ̀ náà fún Ítálì, ìbínú àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn lé e kúrò nípò ní December kan náà. Ṣùgbọ́n ariwo kò dá ọmọ ogun padà: Addis Ababa ṣubú ní May 1936. Ẹ máṣe fi èyí pamọ́ fún ọmọ. Li ọjọ́ 5 oṣù May, 1941 ni Ọba Haile Selassie padà wọlé. Àwọn sójà Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó lé Ítálì.