Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀKÓKÒ KÉRÉSÌMESÌ: TA NI KÍ A KÍ, BÁWO NI KÍ A SÌ ṢE KÍ I?

Bíbélì kíkà: Matteu 5:43–48, Luku 10:5–6, Romu 14:5–6.
Kókó ẹ̀kọ́: Gbèsè ìfẹ́ ni ìkíni, kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́.



Bí ọyẹ́ bá dé sí Kano, kò sí ẹni tí í jiyàn nígbà tí a bá kí i pé, “Ẹ kú ọyẹ́ o,” tàbí tí Hausa bá bi wá pé, “Yaya sanyi?” Ṣùgbọ́n bí oṣù Kejìlá bá ti ń parí lọ, ìkíni a di ọ̀ràn. Ará kan a máa ráhùn pé aládùúgbò òun ní Bompai kọ̀ láti wí pé, “Barka da Kirsimeti.” Òmíràn a ní òun kò ní kí ẹnikẹ́ni ní “Barka da Sallah” láé, kí òun má bàa sẹ́ Olúwa. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀ràn náà wò.

1. Ibi tí àríyànjiyàn ti ń wá. Àwọn àáfà kan gbà pé ẹni tí ó bá kí Kristẹni kú ọdún Kérésìmesì ti fara mọ́ ìgbàgbọ́ pé Ọlọ́run ní Ọmọ. Àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Dar al-Ifta, ilé tí ń dáhùn ìbéèrè ẹ̀sìn ní Íjíbítì, wí pé inú rere lásán ni. Nítorí náà, ẹni tí ó dákẹ́ lè máa ṣọ́ ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ni, kì í ṣe pé ó kórìíra wa.

Àwa Kristẹni pàápàá kò fi ohùn ṣọ̀kan. Bíbélì kò dá ọjọ́ ìbí Olúwa. Ọ̀rúndún kẹrin ni a rí i kà pé wọ́n ń ṣe é ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ní Róòmù. Ní 1659, àwọn Kristẹni tí ń ṣe òfin ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, bu owó ìtanràn ṣílè 5 lé ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣe ọdún náà. 1681 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́. Títí di òní, àwọn ìjọ kan kì í ṣe é. Bí Kristẹni bá lè ta ko Kristẹni báyìí, èé ṣe tí a ó fi bínú sí Mùsùlùmí?

2. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò kéré. Ní oṣù Kọkànlá 2021, àwọn Hisbah kọ ìwé sí ilé rédíò Cool FM ní Kano pé kí wọ́n má lo orúkọ náà Black Friday mọ́ fún ọjọ́ ẹdínwó, nítorí ọjọ́ ọ̀wọ̀ ni Jímọ̀ fún Mùsùlùmí. Òkèèrè ni orúkọ náà ti wá. Oníṣòwò tí ó bá wí pé, “Ẹdínwó wà lónìí,” ti sọ gbogbo ohun tí oníbàárà ń fẹ́ gbọ́. Ẹ má gbàgbé oṣù Kẹwàá 1991, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú yìí lórí ìsọjí tí Reinhard Bonnke fẹ́ wá ṣe, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

3. Ohun tí èdè wa kọ́ wa. “Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún” kì í béèrè pé ọdún ta ni. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀mí wà. Àdúrà ni pé kí a tún rí àmọ́dún. Ní ilé wa ní Ìbàdàn àti Ọ̀ṣogbo, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Mùsùlùmí kí àbúrò jẹ́ Kristẹni. Ẹran Iléyá ń dé ọ̀dọ̀ àbúrò, ìrẹsì Kérésìmesì ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ní ọdún 2000, ọjọ́ méjì péré ni ó wà láàárín Kérésìmesì àti Ìtúnu Ààwẹ̀. Ìkíni kan náà ni ó tó fún méjèèjì.

4. Ìlànà fún wa. Jésù bi wá léèrè pé, bí ó bá jẹ́ kìkì àwọn ará wa ni a ń kí, kí ni a ṣe ju àwọn ẹlòmíràn lọ? Ó sì kọ́ni pé àlàáfíà tí a kò bá gbà lọ́wọ́ wa yóò padà sọ́dọ̀ wa, kò sọnù. Nítorí náà:
(a) Kí a máa ṣáájú kíni. Kí a má sì fi ipá gba ìkíni lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó wí pé, “Ẹ kú ìsinmi,” ti kí wa.
(b) Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gba “Barka da Sallah,” kí ó wí pé, “Ẹ kú ọdún.” Ẹni tí ó bá sì wí i kò sẹ́ Olúwa, kí a má ṣe dá a lẹ́jọ́.
(d) Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má ṣe fi fìlà Kérésìmesì dé ọmọ iṣẹ́ yín tí ó jẹ́ Mùsùlùmí lórí tipátipá. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, bí ẹ bá ń kọ ìwé ìkíni fún gbogbo ọ́fíìsì, ẹ kọ èyí tí olúkúlùkù lè ṣe àmín sí.

Ìbéèrè:
1. Kí ni Matteu 5:47 béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé láàárín ẹlẹ́sìn mìíràn?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kíkí ènìyàn àti gbígba ìgbàgbọ́ rẹ̀?
3. Ta ni ní àdúgbò rẹ tí o kò tíì kí rí? Nígbà wo ni ìwọ yóò lọ?

Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà sí wa lẹ́nu àti sí ìlú tí a ń gbé. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Àmín.